Màmá Nínú Ilé-ń-rìn

Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọkọ̀ náà ní Ilé-ń-rìn, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òyìnbó tó ṣe é kọ sí iwájú rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí, kó fojú inú wo bọ́ọ̀sì funfun gbọọrọ kan tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú, tó ní àga àti tábìlì, tó ní sítóòfù gáàsì àti ẹ̀rọ omi, tó tún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó há débi pé ẹni tó bá sanra ní láti ronú kó tó wọ ibẹ̀. Òyìnbó kan tó wá ṣe ọ̀nà lápá Ayétòrò ló ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí òyìnbó fẹ́ máa lọ sílùú rẹ̀, Ọmọ́délé Ọlágúnjú, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga n'Ílarò, ta ọkọ̀ kékeré tó ń gùn, ó ta ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí, ó sì ra Ilé-ń-rìn. Àlòkù ni o. Òrùlé rẹ̀ ń jò, gééjì tó yẹ kó máa fi hàn bóyá epo kù sì ti kú kó tó dé ọwọ́ wọn.

Àṣìkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kò pariwo. Ó kàn bi í léèrè pé, "Bàbá Inúmidùn, ilẹ̀ wa dà?"

"Torí Màmá ni," ni Délé wí.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ta ló máa bá ọkùnrin jà torí ìyá tó bí i? Màmá Ọlágúnjú ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá wọn wólẹ̀, ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. "É, é" nìkan ló kù fún obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ń pe ọmọ nílé ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó láyé ijọ́un, àwọn tó wà lọ́jà á dáhùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé wọn lọ sí ọsibítù n'Abẹ́òkúta kí wọ́n lè máa bá wọn na apá àti ẹsẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ká wọn sínú takisí báyìí, ẹkún ni títí wọ́n á fi débẹ̀. Nínú Ilé-ń-rìn, Màmá lè nà gbalaja. Délé tiẹ̀ sọ ibẹ̀ di yàrá wọn, ó gbé ọkọ̀ náà sí àgbàlá, torí orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé tí wọ́n rẹ́ǹtì wà, ẹ̀yìn ta ló fẹ́ máa fi pọn àgbàlagbà gòkè sọ̀kalẹ̀?

Gbogbo èyí dára lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí Délé bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí Inúmidùn ọmọ wọn bá ti lọ sí ilé ìwé, Àṣìkẹ́ nìkan ló kù. Òun ló ń wẹ Màmá, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ wọn, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn, òun ló ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí egbò má bàa dá sí wọn lára. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa. Bí òjò bá rọ̀, òun ló ń sáré gbé bàsíà sábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ẹ wò ó, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ló mọ bó ṣe ń dùn ún. Àwọn tó ń kọjá á dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á san án fún yín," wọ́n á wo sítóòfù, wọ́n á wo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Lóṣù àkọ́kọ́ tí àìsàn yìí dé, wọ́n a máa bi Màmá ní ìbéèrè. Màmá, ẹ mọ̀ mí? Màmá, ta nìyí? Màmá kì í dáhùn, ojú wọn á kàn máa lọ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ lórí wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lórí àpótí.

Àṣìkẹ́ ló burú jù nínú ìyẹn, n kò ní gbè é. Ọjọ́ kan wà tó ń tẹ ẹ̀bà sí Màmá lẹ́nu tó sì ń bá Kẹ́mi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Kẹ́mi, ó ti sú mi," ló wí. "Kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Igi gbígbẹ ni mò ń fún lóúnjẹ. Bí Rẹ̀mí bá lè tètè wá gbé e lọ, màá ṣe ìdúpẹ́. Àbí kí Ọlọ́run tiẹ̀ gbà á, kí gbogbo wa sinmi." Ìyá ọkọ ló ń pè ní "ó" yẹn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọdé. Màmá gbé ẹ̀bà mì, wọ́n sì la ẹnu fún òmíràn.

Rẹ̀mí tó ń wí yìí ni ẹ̀gbọ́n Délé, àkọ́bí Màmá, ìlú Èkó ló ń gbé. Nígbà tó gbọ́ pé àbúrò òun ti ta ilẹ̀ nítorí mọ́tò, inú bí i. Ó ní Màmá kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń gbé kiri ojú títì. Ó pe ìpàdé ẹbí sí ilé wọn ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ó sì ṣe àlàyé tirẹ̀ lórí fóònù, gbogbo wọn gbọ́ ọ.

"Ìyàwó wa ló ń tọ́jú wọn," ló wí, "òun la máa bi. Bó bá ní Màmá ṣì mọ nǹkan, kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ yín. Bó bá ní wọn ò mọ nǹkan kan mọ́, èmi ń gbé wọn lọ s'Ékòó, màá wá nọ́ọ̀sì tí yóò máa jókòó tì wọ́n. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ibi gbogbo ni ilé ẹ̀."

Délé kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ni àbíkẹ́yìn. Ó mọ̀ pé bí Màmá bá fi lè dé Èkó, bóyá ló tún máa rí wọn ju ìgbà ọdún lọ. "Àṣìkẹ́," ló wí, "ẹnu ẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà o."

"Mo gbọ́," ni Àṣìkẹ́ dáhùn. Ohun tó máa sọ ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí ọkọ rẹ̀ ń retí.

Bí ọjọ́ ìpàdé ṣe pé, wọ́n gbéra n'Ílarò láàárọ̀. Délé ń wakọ̀, Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn lẹ́yìn, Inúmidùn gun bẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà lókè orí awakọ̀, Àṣìkẹ́ jókòó ti Màmá. Ọ̀nà ibodè wa yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ tó bá fi kọ́tìnnì bo fèrèsé, ìrẹsì fàyàwọ́ ló gbé, ó di dandan. Gbogbo ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n ti ní kí Délé bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé pátákó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá sókè, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ibẹ̀, táǹkì omi nìkan ni wọ́n bá. "Ta nìyí?" ni ọ̀kan nínú wọn bèèrè. Àṣìkẹ́ ní, "Ìyá ọkọ mi ni. Ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan, wọn ò gbọ́."

Nígbà tí wọ́n rìn jìnnà díẹ̀ sí ìlú, Délé ní ó tó àkókò láti rọ epo, torí mọ́tò tí gééjì rẹ̀ ti kú, ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ máa ṣírò fún un. Àwọn ilé epo apá ibẹ̀ ti ti ìlẹ̀kùn wọn tipẹ́, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà làwọn èèyàn ti ń ra bẹntiróòlù. Wọ́n dúró lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á, tó ń jẹ́ Ìdírísù. Kí wọ́n tó pa ẹ́ńjìnnì tán, èrò ti yí Ilé-ń-rìn ká. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ti oko bọ̀, gbogbo wọn ló ń yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí inú ọkùnrin ṣe ń dùn bí wọ́n bá ń wo mọ́tò rẹ̀. Délé bẹ̀rẹ̀ àlàyé: sítóòfù rèé, ibi ìwẹ̀ rèé.

"Ọ̀gá, ihò wo ni kí n rọ ọ́ sí?" ni Ìdírísù bi í.

Délé kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ júwe ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn."

Ihò méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn, ọ̀kan fún epo, ọ̀kan fún omi. Ìdérí wọn bára mu, oòrùn sì ti pa ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára rẹ́. Ìdírísù ṣí èyí tó sún mọ́ ọn. Ó ki àrọ bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da kẹ́ẹ̀gì lé kẹ́ẹ̀gì.

Nínú ọkọ̀, Màmá pariwo. "É! É! É!" Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gbá ara ọkọ̀, gbà, gbà, gbà.

"Màmá ń kí yín o," ni Délé sọ fún àwọn èrò, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tiẹ̀ juwọ́ sí wọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi," ni Àṣìkẹ́ wí nínú lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ òórùn epo, kí ló kan òun? Ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, ṣé òórùn dòdò ni èèyàn máa gbọ́? Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, inú òórùn bẹntiróòlù ni wọ́n bí ọmọ sí. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni yìí, ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná tọ̀hún, ọ̀kadà ń gbé e kọjá lójoojúmọ́. Òórùn tó yẹ kó lé èèyàn jáde nínú ilé, imú wa ti gbà á ní ará ilé.

Wọ́n gbéra. Màmá kò dákẹ́. Wọ́n ń gbá ara ọkọ̀ títí tí Àṣìkẹ́ fi fa ìrọ̀rí sí àárín ọwọ́ wọn àti ògiri.

Kò pẹ́ tí wọ́n ré kọjá abúlé kan ni Ilé-ń-rìn wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ó ṣe họ̀ọ̀, ó kú. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lósì. Délé ṣí iwájú ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wo àlejò. "Kì í ṣe epo," ló wí, "a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo ni." Ó dá ọlọ́kadà kan dúró, ó ní òun ń lọ wá mẹkáníìkì.

"Ẹ tètè dé o," ni Àṣìkẹ́ wí. "Àwọn Ẹ̀gbọ́n á ti máa retí wa."

Oòrùn mú. Eruku ń wọlé nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá kọjá, Àṣìkẹ́ bá ti gbogbo fèrèsé pa. Inúmidùn ti sùn lọ lókè. Ó tó àkókò kí Màmá lo oògùn, wọn kò sì gbọdọ̀ lò ó nígbà tí inú wọn bá ṣófo. Àṣìkẹ́ ṣí ẹ̀rọ, ó gba omi díẹ̀ sínú ìkòkò láti fi po ẹ̀kọ. Omi tó kù nísàlẹ̀ táǹkì ló wá sọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ́ gaara. Ó gbé ìkòkò ka sítóòfù, ó na ọwọ́ sí ìṣáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí Màmá.

Màmá ti mú un.

"Màmá, ẹ fún mi ní ìṣáná."

Ọwọ́ òsì wọn dì mọ́ páálí kékeré yẹn. "É, é." Omi ń bọ́ lójú wọn.

"Ẹ fún mi, mo ní. Ẹ ẹ̀ fẹ́ jẹun ni? Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu." Ó di ọwọ́ wọn mú, ó ń fi ipá tú àwọn ìka wọn. Màmá kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Inú Àṣìkẹ́ ru, gbogbo oṣù tó ti kọjá ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà: òru àìsùn, aṣọ fífọ̀ tí kì í tán, ṣọ́ọ̀bù tó tì, ilẹ̀ tí wọ́n tà. Ó gbá ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dún.

Màmá wò ó. Wọ́n wá ti gbogbo páálí ìṣáná náà bọ ẹnu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá sọ́kàn Àṣìkẹ́. Kì í ṣe àánú. Ìtura ni. Ẹni tó ń jẹ ìṣáná! Kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ bi òun níbi ìpàdé? Òun á sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí gan-an, Rẹ̀mí á gbé ìyá rẹ̀, Délé náà á gbà. Ó rántí pé ìṣáná mìíràn wà nínú báàgì òun níwájú. Ó lọ síbẹ̀, ó tú báàgì, ó rí i. Ó ti ń fa igi ìṣáná kan yọ bó ṣe ń padà bọ̀.

Ló bá gbọ́ gbì.

Màmá ti ju ara wọn sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi àyà wọ́ dé ìdí sítóòfù, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wà lábẹ́ wọn bí aṣọ tí wọ́n pa tì. Ọwọ́ òsì wọn ga, ó ń wá nǹkan, ó bá ẹ̀rọ omi, ó gbá a ṣí. Omi tú jáde. Ó ń ṣàn, ó ṣe pọ̀ọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde báyìí kì í ṣe omi. Ó ní àwọ̀ bí omi ewé tíì tí wọ́n bomi là. Ó ta sí Àṣìkẹ́ lẹ́sẹ̀, ó tutù jù, ó sì ń gbẹ bó ṣe ń ta sí i. Òórùn yẹn gbá a lójú, ojú rẹ̀ ṣomi.

Igi ìṣáná ṣì wà láàárín ìka rẹ̀ méjì. Orí rẹ̀ ti kan ẹ̀gbẹ́ páálí.

Ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé igi jìnnà sí páálí, ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má tún fara kan ara. Ó fa Inúmidùn lókè pẹ̀lú oorun lójú, ó gbé e bọ́ sílẹ̀, ó ní kó máa sáré lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kó má wẹ̀yìn. Ọmọ náà sáré.

Àṣìkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tó kún fún epo, ní ìdí ẹ̀rọ tó ń tú epo sílẹ̀. Èrò kan gba ọkàn rẹ̀ kọjá, n kò sì ní fi í pa mọ́ fún yín: bí Ilé-ń-rìn bá gbiná nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó máa bi òun ní nǹkan kan. Èrò náà kò pẹ́. Ṣùgbọ́n ó wá, ó sì mọ̀ pé ó wá, ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á ju ti iná lọ. Ló bá sáré wọlé.

Kò fọwọ́ kan nǹkan kan tí iná mànàmáná wà lára rẹ̀. Ó ki Màmá lábẹ́ apá, ó fà wọ́n. Wọ́n wúwo. Ẹnu ọ̀nà há, gìgísẹ̀ wọn ń kọ́ nǹkan. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi tì í," ló ń wí, Màmá sì ń fi ẹsẹ̀ òsì ti ilẹ̀, bíńtín bíńtín, wọ́n ń bá a tì í. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ó wọ́ wọn gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá títí dé abẹ́ máńgòrò.

Inúmidùn ń sunkún. Àṣìkẹ́ fi etí aṣọ nu ẹnu Màmá, ó ń ṣa èérún páálí kúrò ní ètè wọn. Ibi tó ti gbá wọn lọ́wọ́ ti pọ́n. Orí táǹkì yẹn gan-an ni Màmá ń sùn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń wọ abẹ́ àwọn. Lónìí, wọ́n gbọ́ pé kì í ṣe omi ló ń wọlé, òórùn rẹ̀ sì gba abẹ́ ìrọ̀rí wọ imú wọn, láti ọ̀dọ̀ Ìdírísù ni wọ́n sì ti ń pariwo.

"Màmá," ni Àṣìkẹ́ wí. "Bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ gbé ọwọ́ òsì yín sókè."

Ọwọ́ náà gbé sókè.

"Ṣé òní nìkan ni?"

Ọwọ́ náà kò kúrò lórí itan.

"Ṣé gbogbo ìgbà lẹ ti ń gbọ́?"

Ọwọ́ gbé sókè.

Àṣìkẹ́ fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dákẹ́. "Ọjọ́ tí mo ń bá Kẹ́mi sọ̀rọ̀ ńkọ́? Nígbà tí mò ń fún yín ní ẹ̀bà."

Màmá yí ojú sí apá ibi tí oko wà. Ọwọ́ wọn gbé sókè, kò ga.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Àṣìkẹ́ dojú bolẹ̀ níwájú wọn lábẹ́ igi yẹn, ó ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí." Kò bi wọ́n bóyá wọ́n dárí jì í, torí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á.

Nígbà tí Délé dé pẹ̀lú Abdulrasaq mẹkáníìkì, kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Abdulrasaq yọ wáyà bátìrì, ó tú gáàsì kúrò, wọ́n fa epo inú táǹkì omi sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n dà á síbi tó yẹ kó wà, wọ́n sì ṣí gbogbo fèrèsé àti ìlẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ inú ọkọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Délé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Èmi ni mo ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn," ló ń wí. "N kò wẹ̀yìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ìyá mi." Àṣìkẹ́ sọ fún un bí Màmá ṣe gba ìṣáná, bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́, bí wọ́n ṣe já bọ́. Kò sọ ti ọwọ́ tó gbá. Kò sọ ti Kẹ́mi.

Ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ojú Rẹ̀mí ti le kí wọ́n tó dé. Bàbá Ìbítóyè, àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ olórí ẹbí, ní kí wọ́n gbé Màmá sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò tíì jókòó tán tí Rẹ̀mí ti bèèrè. "Ìyàwó wa, sọ tòótọ́ fún wa. Ṣé Màmá ṣì mọ nǹkan kan?"

Délé ń wo ẹnu rẹ̀. Ohun tó ti wà lọ́kàn Àṣìkẹ́ tipẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Màmá ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ," ló wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́. Àwa la ò béèrè. Bí kì í bá ṣe tiwọn, òkú wa lẹ̀ bá máa kó lónìí." Ó rò ó fún wọn. Ó ní kí Rẹ̀mí fúnra rẹ̀ bi Màmá wò, Rẹ̀mí bi wọ́n, ọwọ́ gbé sókè. Rẹ̀mí bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ó parí náà," ni Délé wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Ṣebí àdéhùn wa nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Màmá ń bá wa padà s'Ílarò."

"Dúró ná," ni Bàbá Ìbítóyè wí. "Ẹni tó mọ nǹkan, a kì í bi í léèrè ni? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilé Délé lẹ fẹ́ máa gbé?"

Ọwọ́ Màmá wà lórí itan. Bàbá tún un sọ, ó fà á gùn, kó má bàa jẹ́ pé wọn kò gbọ́. Ọwọ́ náà kò kúrò níbi tó wà.

"Ṣé ọ̀dọ̀ Rẹ̀mí ni?"

Ọwọ́ gbé sókè.

"Wọn ò gbọ́ ọ dáadáa," ni Délé wí. "Ẹ tún un bi wọ́n, Bàbá. Màmá, èmi Délé ni. Ilé mi ńkọ́, Màmá?"

Màmá wo ọmọ wọn, omi kún ojú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ọwọ́. Nígbà tí Bàbá tún dárúkọ Rẹ̀mí, wọ́n gbé e ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àṣìkẹ́ ló lọ kó aṣọ wọn nínú ọkọ̀. Òun ló gbé wọn sínú ọkọ̀ Rẹ̀mí, torí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé wọn tí kì í fi í dùn wọ́n. Ó fi ìrọ̀rí ti apá ọ̀tún wọn, ó fa ìró wọn bo ẹsẹ̀. Àwọn yòókù ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé torí mi ni?"

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Kò sí ìbínú lójú wọn. Wọ́n kàn dáhùn ohun tí ó bi wọ́n ni.

Bí wọ́n ṣe ń padà, Inúmidùn lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà rẹ̀. Àṣìkẹ́ wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Délé. Délé ń wakọ̀, ó ń sunkún, kò sì gbìyànjú láti fi í pa mọ́. "Epo yẹn ni," ló wí. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, mo tún ń bá èrò ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ké sí mi. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ mí nìyẹn. Ìyá mi kọ̀ mí, Àṣìkẹ́. Títí màá fi kú ni n kò ní gbàgbé rẹ̀."

Bí Àṣìkẹ́ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á dúró bẹ́ẹ̀. Délé á máa ru ú, òun á ṣí ṣọ́ọ̀bù òun padà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò lè sọ ọ́. Wọ́n kọjá oko ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n kọjá òmíràn.

"Bàbá Inúmidùn," ló wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọkọ̀ dúró. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n kọ̀."